Ìwé Orí Ìṣó

Kí oòrùn tó gun orí ògiri ni Sànúsí ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé fọ́tò. Kì í fi sísọ́ọ̀sì gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ fọ́tò náà sórí pákó kékeré, ó fi rúlà onírin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wá fa abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Ohun èlò ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tà ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey, ó sì máa ń tún ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ṣe. Ohun tó bá wọ́ kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Kẹ́hìndé ló wà nínú fọ́tò náà, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Mọ́nsúrátù ìyàwó rẹ̀ ń ro ògì lórí iná. Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ìgbà wo la bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ọ̀kan tí a kì í ṣe ti èkejì nínú ilé yìí? Ẹ ya fọ́tò Kẹ́hìndé, ẹ fi Táyé sílẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? Káàdì kan fún ilé kan, lórúkọ ẹ̀gbọ́n pátápátá nínú àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri ilé ìkàwé nìyẹn."

"Wọ́n tún kọ 'ọ̀fẹ́' sára ògiri kan náà. Owó fọ́tò, ọ̀fẹ́. Owó ìwé ẹ̀rí ibùgbé, ọ̀fẹ́. Akọ̀wé baálé àdúgbò tó ní òun ò tíì mu tíì láàárọ̀, ọ̀fẹ́ ni tòun náà. Owó ẹja tó yẹ kó wọ inú ọbẹ̀ wa lánàá ló wọ inú ọ̀fẹ́ yẹn."

Sànúsí fẹ́ eruku kúrò lára fọ́tò. Àwọn ìbejì fẹ́ jókòó ṣe BEPC, ìdánwò ìparí girama kékeré, kílàásì wọn kò sì ní ìwé nípa ara ènìyàn rárá. Tíṣà wọn sọ fún wọn pé ìwé kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pé ó wà nílé ìkàwé ìjọba lọ́hùn-ún ní àdúgbò Plateau. Sànúsí ti wá ìwé náà kiri ọjà títí, kò rí i. Ẹni tí kò bá sì ní káàdì kò lè fọwọ́ kan ìwé níbẹ̀. Òní ni wọ́n fẹ́ dá ìforúkọsílẹ̀ dúró, ó di ẹ̀yìn ìdánwò kí wọ́n tó tún ṣí i.

Zàlìhà, aládùúgbò wọn, yọ orí lókè ògiri. Àwo kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ bùn mí níyọ̀ díẹ̀." Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí fọ́tò. "Hàsánà nìyẹn àbí Hùsénà?"

Bí gbogbo Niamey ṣe ń pe obìnrin ìbejì nìyẹn: èyí tó kọ́kọ́ wáyé ni Hàsánà, èyí tó tẹ̀lé e ni Hùsénà.

"Hùsénà ni," ni Mọ́nsúrátù wí bó ṣe ń bu iyọ̀ fún un, "Kẹ́hìndé wa."

"Ẹ wá fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, ẹ fẹ́ fún àbúrò ní káàdì?"

"Àbúrò bóo? Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá jẹ́ iṣẹ́ fóun bóyá ó dùn."

Zàlìhà rẹ́rìn-ín títí àwo fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ṣì ń sùn nínú ikùn ló ń rán ẹni tó ti dóde níṣẹ́! Ẹ̀yin Yarabáwá, ẹ̀yin Yorùbá, ẹ kúkú máa ti ẹ̀yìn wọ bùbá."

"Dá iyọ̀ mi padà."

"N ò dá a padà."

Nínú yàrá, ohùn Kẹ́hìndé jáde, kò ga, kò rẹlẹ̀. "Táyé, bá mi mú bàtà mi wá." Táyé mú bàtà náà wá. Bó ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀rìn nìyẹn, ìjà kì í sì í sí níbẹ̀.

Láti Gamkalley, àdúgbò wọn, takísí kan gbé Sànúsí àti àwọn ìbejì dé Plateau. Ilé ìkàwé náà ga, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Igi dóńgóyárò kan wà lẹ́nu géètì, Bùkárì oníkílíṣí ló sì ni ìbòòji ibẹ̀. Ó tẹ́ ẹran gbígbẹ náà sórí tábìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀pà àti ata pupa lára rẹ̀. Bébà tó fi ń di ẹran fún oníbàárà wà lórí ìṣó tó kàn mọ́ igi, ó nípọn, afẹ́fẹ́ sì ń ṣí i. Sànúsí kí i, ó kọjá.

Mùsiyó Ìsà ni akọ̀wé tó ń ṣe káàdì. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ń fi ìdérí bírò ro etí. Ó yọ ọ́, ó yẹ ohun tó bá a jáde wò dáadáa, ó nù ún mọ́ abẹ́ tábìlì, ó wá na ọwọ́ kan náà gba ìwé wọn.

Kẹ́hìndé wo abẹ́ tábìlì náà, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Ìsà ń ṣí ìwé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò. Ìwé ẹ̀rí ibùgbé. Fọ́ọ̀mù. Ó dé orí ìwé ìbí àwọn ìbejì, ó fi méjèèjì wé ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí owó nílẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀.

"Alàájì, ta lẹ kọ síbí pé ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé ni."

"Èyí tí ìwé ìbí ní ó jáde lẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nílé wa, èyí tó bá jáde lẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán èkejì ṣáájú."

Ìsà yí orí sí fèrèsé. "Bùkárì! Wá gbọ́ o! Ọmọ kan rèé tó ti inú ikùn ìyá rẹ̀ rán ènìyàn níṣẹ́!" Bùkárì rẹ́rìn-ín láti ìta nítorí pé oníbàárà rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ni ojú Ìsà sì yí padà. Ó pa fáìlì náà dé. "Irọ́ lẹ kọ fún ìjọba. Baálé àdúgbò yín sì lu òǹtẹ̀ lé irọ́. Mi ò lè gbà á. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí mìíràn wá."

"Ọjọ́ Jímọ̀ lòní. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ baálé, wọ́n á ti lọ kírun."

"Ẹ̀yìn ìdánwò, nígbà náà."

Fáànù ń yí lókè, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀; Sànúsí mọ̀ láti ibi tó dúró sí pé bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló tú níbẹ̀, pé ó ti pẹ́ tó ti tú, àti pé kò sẹ́ni tó máa dì í. Ìsà fi ìka lu fáìlì.

"Àfi tí a bá ran ara wa lọ́wọ́," ló wí jẹ́ẹ́. "Mo lè pa orúkọ kan rẹ́, kí n kọ èkejì. Ṣùgbọ́n oòrùn mú lónìí, n ò sì tíì jẹun."

Owó tí wọ́n fẹ́ fi wọkọ̀ padà ló wà lápò Sànúsí. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i nígbà tó yọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n rí i. Ìsà kò tilẹ̀ fi í pamọ́. Ó na owó náà jáde lójú fèrèsé, Bùkárì sì gbà á. Ìsà wá mú bírò.

"Orúkọ Hàsánà ni kí n kọ, àbí?"

Sànúsí tẹjú mọ́ bírò náà. Àfi bí ẹni pé wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé òun ló jẹ́ àbúrò fún ọmọ rẹ̀. Ó wo Kẹ́hìndé. Ọmọ náà dúró gbọnrangandan, ó ń fi eyín jẹ ètè. Táyé ló ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jalè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ Táyé," ni Kẹ́hìndé wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo rán an."

"Fọ́tò rẹ̀ dà?" ni Ìsà bèèrè.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín náà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn," ni Sànúsí wí.

"Èyí tí ẹ ní ti èkejì ni?"

"Ẹ wo àwọn méjèèjì. Ta ló wà nínú fọ́tò?"

Ìsà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo fọ́tò. Ó lẹ̀ ẹ́. Bí káàdì náà ṣe parí nìyẹn: orúkọ Táyé, ojú Kẹ́hìndé.

Kílíṣí dé nínú bébà. Ìsà jẹ ẹ́ lórí fáìlì wọn, ó ń lá ìka, ó ń fi ìka náà ṣí ìwé àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tó yó, ó ká bébà náà mọ́ ìwọ̀nba tó kù, ó tì í sọ́dọ̀ Sànúsí. "Ẹ mú un fún àwọn ìbejì. Ìbejì máa ń ní oríire, kí wọ́n ṣàdúrà fún mi."

Owó Sànúsí ni. Ó gbà á. Ó tilẹ̀ sọ pé ẹ ṣeun, ìyẹn ló sì dùn ún jù nígbà tó rántí rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Táyé dárúkọ ìwé tí wọ́n wá yá. Ìsà wá a lórí pẹpẹ, ó gbé ìwé méjì mẹ́ta ṣubú, ó ní dandan ni kó wà. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí, ó jáde lọ sí ìta, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ìwé náà lábíyá. "Òun nìyí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì, ọjọ́ tó bá yá ìwé náà ló gbọ́dọ̀ dá a padà, kí a tó ti ilẹ̀kùn."

Sànúsí fi àtàǹpàkò pa ìwé náà lára. Ihò kan wà ní igun rẹ̀ lókè, ó là á já láti èèpo dé èèpo. Kò jọ ihò eku. Eku kì í lu ihò róbótó. Lẹ́nu géètì, bí wọ́n ṣe ń jáde, Bùkárì ń ya àpò sìmẹ́ńtì wẹ́wẹ́ láti fi di ẹran. Ìṣó tó wà lára igi ṣófo.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn délé.

Mọ́nsúrátù ti gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà sílẹ̀, kò sí ẹja nínú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ìròyìn náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdérí ìkòkò.

"Nítorí náà, ẹ sanwó fún un," ló wí, "ó fi ra ẹran, ó jẹ ẹran, ó sì kó ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ fún yín pé kí ẹ kó wá fún ọmọ mi."

"Ìyá Ìbejì..."

"Ẹ má pè mí."

Ó tú bébà náà, ó da ẹran inú rẹ̀ sí àwọn ewúrẹ́ Zàlìhà lókè ògiri. Ewúrẹ́ kan gbóòórùn ata, ó sín, gbogbo wọn sì sá. Mọ́nsúrátù fẹ́ fún bébà náà pọ̀ kó jù ú tẹ̀lé ẹran nígbà tí Táyé ké.

"Ìyá, ẹ dúró! Ojú wà nínú rẹ̀."

Ojú ènìyàn ni lóòótọ́, wọ́n yà á tóbi, wọ́n fa ìlà sí ẹyinjú, ìpéǹpéjú àti iṣan rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́hìndé ti ṣí ìwé tí wọ́n yá. Níbi tó yẹ kí ojú wà, etí bébà wúrúwúrú ló kù lẹ́bàá òwú tí wọ́n fi dì í. Ihò ìṣó wà lórí bébà ẹlẹ́ran náà, ní ibi tó wà lára ìwé gẹ́lẹ́.

Zàlìhà ti yọ orí nítorí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀pà tí wọ́n ta fún ọmọ àbúrò mi lẹ́nu géètì ilé ìkàwé yẹn," ló wí, "inú máàpù ni wọ́n dì í sí. Ọmọ náà ní inú òkun ni òun ti jẹ ẹ̀pà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Sànúsí gba bébà náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Ọ̀rá ti jẹ́ kó mọ́lẹ̀ bí gíláàsì, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú rẹ̀ kò tíì ṣá. "Kẹ́hìndé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyókù kọ. Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, mo fẹ́ àtíkè rẹ àti áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ṣé ògì kù nísàlẹ̀ ìkòkò?"

Mọ́nsúrátù wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n ó gbé wọn wá.

Sànúsí kọ́kọ́ fi abẹ ha ẹ̀pà àti ata kúrò, kò tẹ abẹ náà mọ́lẹ̀, ó kàn ń fà á bí ẹni ń fárí ọmọ tuntun. Ó da àtíkè sí iwájú bébà, ó dà á sí ẹ̀yìn, ó fi bébà mímọ́ bo òkè àti ìsàlẹ̀. Ó ta omi sórí áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí omi náà hó láìfò, ó mọ̀ pé iná náà tó, kò pọ̀ jù. Ó wá gbé e lé e, ó kà díẹ̀ nínú, ó gbé e kúrò. Ooru á yọ́ ọ̀rá, ọ̀rá tó bá yọ́ á sá lọ síbi tó gbẹ, àtíkè ló sì gbẹ jù níbẹ̀. Àtíkè funfun di àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó tún da tuntun. Ó ń ṣe é lọ títí ojú inú bébà náà kò fi mọ́lẹ̀ sí oòrùn mọ́.

Lẹ́yìn náà ó mú igi ìgbálẹ̀ kan, ó tì í bọ ògì tó ti nípọn, ó fi kun etí bébà tó ṣẹ́kù lára ìwé, tín-ín-rín. Ó to ìlà mọ́ ìlà. Iṣan ojú tí wọ́n fà já láàárín tún pàdé ara rẹ̀. Ó pa ìwé dé, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan lé e. Nígbà tó gbé e kúrò, ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè mọ ibi tí wọ́n ti ya á, àfi òjìji kékeré kan ní igun rẹ̀, àti òórùn ẹ̀pà.

Mọ́nsúrátù fi ọwọ́ pa ibi tó lẹ̀ náà. Ó bu ìrẹsì fún ọkọ rẹ̀ kó tó bù fún ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ìjà náà parí sí.

Àwọn ìbejì ń kọ ọ́ lọ ní gbogbo àkókò yìí, Kẹ́hìndé ń kà á sókè, Táyé ń kọ. Wọ́n ti kọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti kọ ọkàn àti ikùn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ojú tán, oòrùn ti ń wọ̀. Etí nìkan ló kù.

"Ká máa lọ," ni Sànúsí wí. "Bí ẹ bá rí i dá padà bó ṣe yẹ, wọ́n á tún yá yín lọ́la."

Ìsà ti kó kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó gba ìwé náà, ó ṣí i, ó sì dúró. Ó gbé e sí imú.

"Ta ló fi ọ̀rá ba ìwé ìjọba jẹ́?"

"Mùsiyó," ni Sànúsí wí, "ẹran tí ẹ fún wa láàárọ̀, inú bébà yìí ló wà. Èmi ni mo tún un lẹ̀."

"Ẹran wo?" Ojú Ìsà kò yẹ̀ rárá. "Odidi ìwé ni mo yá yín. Ẹ ya á, ẹ fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ẹ wá ń pè mí ní olè nínú ọ́fíìsì mi? Káàdì dà?"

Táyé fi káàdì náà lé e lọ́wọ́. Ìsà ṣí dúrọ́ọ̀, ó jù ú sínú rẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ bá san owó ìwé náà, ẹ wá gbà á."

Wọ́n dúró lábẹ́ dóńgóyárò, Sànúsí kò mọ ibi tó ń lọ. Ìsà ti ilẹ̀kùn, ó kọjá lára wọn, ìwé náà wà lábíyá rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bùkárì, ó nà án sí i láìdúró. Bùkárì wá ihò náà, ó gbé ìwé náà kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Kẹ́hìndé ń wo ìwé náà bó ṣe ń ṣí. Ó ń wò ó bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀.

"Táyé."

"Hẹn?"

"Gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Lọ ra kílíṣí. Sọ fún un pé ojú ìwé tí wọ́n ya àwòrán etí sí ni kó fi dì í."

Táyé lọ. Wọ́n rí i tó nawọ́ sí orí ìṣó, tó ń tọ́ka. Bùkárì ṣí ìwé náà dé ibi tó wí, ó ya á láìjanpata, ó gbé ẹran pẹ́ńpẹ́ kan sáàárín rẹ̀, ó ká a. Ó tilẹ̀ fi jàárá sí i.

Táyé fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bọ̀. Sànúsí ju ẹran náà fún ajá tó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá géètì, ó tẹ́ bébà náà sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo bí ọ̀rá ṣe wọ̀ ọ́ tó.

"Ṣé àtíkè ìyá yín ṣì kù?" ló bèèrè.